Ṣé dandan ni kí wọ́n kó gbogbo kókó abíyá kúrò kí a tó mọ ibi tí jẹjẹrẹ ọmú dé?

Ọmọ Ìtòkú béèrè pé:

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ènìyàn wa. Ọ̀rọ̀ kan ni ó gbé mi wá, mo sì fẹ́ kí àwọn tí ó mọ̀ nípa rẹ̀, yálà nítorí iṣẹ́ wọn tàbí nítorí pé ó ti ṣẹlẹ̀ sí wọn rí, bá mi là á yé. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ẹni ọdún 52, ń wẹ̀ ní nǹkan bí oṣù méjì sẹ́yìn nígbà tí ọwọ́ wọn kan ohun kan nínú ọmú òsì tí ó le bíi kóró àgbálùmọ̀. Wọn kò fi falẹ̀ rárá. A ya mammogram, ìyẹn àwòrán inú ọmú, wọ́n fi abẹ́rẹ́ mú díẹ̀ nínú kóró náà lọ yẹ̀ wò, èsì sì fi hàn pé jẹjẹrẹ ni. Ìwọ̀n rẹ̀ kò tó sẹ̀ǹtímítà méjì. Dókítà fọwọ́ tẹ abẹ́ abíyá wọn títí, kò bá nǹkan kan níbẹ̀. Wọ́n tún fi skáànù wò ó, wọ́n ní àwọn kò rí kókó tí ó mú ìfura wá.

Ohun tí ó ń dà mí láàmú nìyí. Ilé ìwòsàn tí a ń lọ sọ pé ní ọjọ́ tí àwọn bá ń yọ kóró náà, àwọn yóò kó gbogbo kókó abíyá òsì pẹ̀lú rẹ̀, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni a fi ń mọ ìpele tí àrùn náà wà. Àbúrò wa tí ó wà ní Manchester ní kí a má tíì fọwọ́ sí ìwé, pé lọ́dọ̀ tàwọn, kókó kan tàbí méjì ni wọ́n kọ́kọ́ ń yọ wò, sentinel node ni wọ́n sì ń pè é. Aláró ni ẹ̀gbọ́n mi. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ki aṣọ bọ inú ìkòkò aró, tí wọ́n ń fà á yọ bí ó ti wúwo tó, tí wọ́n ń fún un, tí wọ́n sì ń sá a sórí okùn. Apá ni wọ́n fi ń jẹun.

Báwo ni kókó kan ṣe lè jẹ́rìí fún gbogbo àwọn yòókù? Bí ó bá wá purọ́ ńkọ́? Ǹjẹ́ wọ́n tilẹ̀ ń ṣe é ní Nàìjíríà níbí?

Oníṣẹ́ Abẹ fèsì pé:

Ẹ kú ìrọ́jú, ẹ sì kú àfarabalẹ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kì í béèrè títí wọn yóò fi fọwọ́ sí ìwé. Iṣẹ́ abẹ ni mo ń ṣe ní ilé ìwòsàn ìjọba kan nílẹ̀ wa níbí, ṣùgbọ́n n kò fojú kan ẹ̀gbọ́n yín, nítorí náà ẹ fi ohun tí mo bá sọ ṣe ìbéèrè tí ẹ óò gbé lọ bá dókítà wọn.

Omi kan wà tí ń ṣàn nínú ẹran ara tí kì í ṣe ẹ̀jẹ̀, tí ọ̀nà tí ó ń gbà sì tín-ín-rín bí òwú; lymph ni wọ́n ń pè é. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú omi tí ń ti inú ọmú jáde, abẹ́ abíyá ni ó ń gbà. Ibẹ̀ ni àwọn kókó kéékèèké wà, tí iye wọn sábà máa ń ju 20 lọ, tí wọ́n ń sẹ́ omi náà bí ẹni ń sẹ́ ògì kí ó tó padà sínú ẹ̀jẹ̀. Bí jẹjẹrẹ ọmú bá fẹ́ jáde nílé, ọ̀nà yìí ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ tọ̀. Ìdí nìyí tí a fi ń ka iye kókó tí àrùn ti wọ̀: bí ó bá jẹ́ 1 sí 3, N1 ni a ń pè é; 4 sí 9, N2; 10 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, N3. Láti inú kíkà yìí àti ìwọ̀n kóró náà àti àwọn nǹkan mìíràn ni a ti ń mọ oògùn tí ó yẹ àti bóyá ìtọ́jú onítànṣán yóò tẹ̀ lé e.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò sí bí a ṣe lè kà wọ́n láìkó wọn jáde. Nígbà tí ìlú ṣì ní odi, ẹni tí ó bá ń ti ìlú jáde kò lè ṣàì kọjá lọ́dọ̀ oníbodè. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá olè gba ẹnu ọ̀nà kan lọ, ẹ kì yóò bẹ̀rẹ̀ sí í tú ilé gbogbo abúlé tí ó wà níwájú. Oníbodè ni ẹ óò kọ́kọ́ bi. Sentinel node ni oníbodè yẹn. Kì í ṣe kókó tí ó tóbi jù, kò sì pọn dandan kí ó jẹ́ èyí tí ó sún mọ́ kóró náà jù. Òun ni kókó tí omi láti inú ọmú kọ́kọ́ ń dé. Ó lè jẹ́ ẹyọ kan, ó sì lè jẹ́ méjì tàbí mẹ́ta. Bí kò bá sí àrùn nínú rẹ̀, ó ṣòro kí àrùn ti kọjá dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí ó wà nínú ara obìnrin kan kọ́ ni ó wà nínú ti èkejì, ojú lásán kò sì lè mọ̀ ọ́n, nítorí náà a ní láti rán nǹkan tẹ̀ lé omi náà kí ó lọ fi ibẹ̀ hàn wá. Ní 1993, David Krag àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà kọ̀wé nípa bí wọ́n ṣe fi èròjà onítànṣán ṣe é fún jẹjẹrẹ ọmú. Ní 1994, Armando Giuliano àti àwọn tirẹ̀ ní Kalifóníà fi aró búlúù ṣe tiwọn. Ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ń lo méjèèjì pọ̀ lónìí.

Ní ti Nàìjíríà, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ bí mo ṣe mọ̀ ọ́n. Technetium, èròjà onítànṣán tí wọ́n ń lò, ń dín kù sí ìdajì láàárín wákàtí 6, kò ṣeé tọ́jú sínú àpótí bí oògùn ibà, ilé ìwòsàn tí ó sì ní ẹ̀ka tí ń lò ó kò pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Methylene blue ni ọwọ́ wa tó. Aró ni, kò wọ́n, ó sì ṣeé lò fún iṣẹ́ yìí bí ọwọ́ ẹni tí ń lò ó bá mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n àìsí ohun èlò nìkan kọ́ ni ìdí tí ọ̀pọ̀ nínú wa fi ń kó gbogbo kókó. Púpọ̀ nínú àwọn obìnrin tí ń wá bá wa ni kókó abíyá wọn ti wú tí a sì ń fọwọ́ bà á. Nínú irú ipò bẹ́ẹ̀, kí ni a tún ń bi oníbodè fún? Olè ti wọ abúlé, gbogbo ayé ti rí i. Iṣẹ́ tí a ń ṣe lójoojúmọ́ ni ọwọ́ wa ti mọ́, ó sì lè mú kí a máa ṣe é fún ẹni tí kò nílò rẹ̀ pẹ̀lú. Bí ohun tí ẹ kọ yìí bá rí bí ẹ ṣe kọ ọ́, ẹ̀gbọ́n yín wà lára àwọn tí ọ̀nà yìí wà fún.

Nọ́ọ̀sì Tíátà fèsì pé:

Ẹ kú ọgbọ́n, Oníṣẹ́ Abẹ. Èmi ń ṣiṣẹ́ ní tíátà ní ìhà àríwá Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, mo sì fẹ́ sọ bí ó ṣe máa ń rí ní ọjọ́ náà gan-an, nítorí pé ẹ̀rù ohun tí a kò rí rí máa ń ju ti ohun tí a mọ̀ lọ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, tàbí ní ọ̀sán ọjọ́ tí ó ṣáájú, wọ́n á gún obìnrin náà ní abẹ́rẹ́ èròjà onítànṣán lẹ́bàá orí ọmú. Ìwọ̀n rẹ̀ kéré gan-an. Nígbà tí wọ́n bá ti fún un ní oògùn oorun, dókítà á fa aró búlúù sínú síríńjì, á gún un sábẹ́ orí ọmú, á sì máa fi àtẹ́lẹwọ́ ra ibẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 5 kí omi ara lè gbé aró náà rìn. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n á gbé ẹ̀rọ kan tí ó rí bíi bírò ńlá, gamma probe, lé abẹ́ abíyá. Bí ó bá jìnnà sí kókó náà, ìró rẹ̀ á máa dún lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá dé orí rẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í han láìdánu dúró. Wọ́n á la ojú ibẹ̀ díẹ̀, wọ́n á sì wá ọ̀nà tín-ín-rín kan tí ó ti di búlúù láàárín ọ̀rá, wọn á máa tọ̀ ọ́ lọ bí ẹni ń tọ okùn dé ìdí ewúrẹ́. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i tí kókó náà yọ, tí ó dúdú bí aṣọ ẹtù nínú ọ̀rá tí ó pupa rúsúrúsú bí epo tí ó dì, mo dúró wò ó títí dókítà fi béèrè síṣọ́ọ̀sì lọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀kejì. Bí wọ́n bá yọ ọ́ tán, wọ́n á tún ti ẹ̀rọ náà bọ inú ojú ọgbẹ́ láti mọ̀ bóyá òmíràn ṣì ń dún.

Ẹ sọ fún ẹ̀gbọ́n yín ṣáájú pé ìtọ̀ wọn lè dà bí omi ewé fún ọjọ́ kan tàbí méjì, àti pé àbàwọ́n búlúù lè wà lára ọmú fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, nígbà mìíràn kí ó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ti rí obìnrin tí ó pariwo ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nítorí pé kò sí ẹni tí ó sọ fún un. Aró náà tún máa ń tan ẹ̀rọ tí a ń fi há ìka láti wo afẹ́fẹ́ inú ẹ̀jẹ̀ jẹ, á sọ pé ó ti lọ sílẹ̀ nígbà tí kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí náà ẹni tí ń fúnni ní oògùn oorun gbọ́dọ̀ mọ ìgbà tí wọ́n gún un. Bí ó bá jẹ́ methylene blue ni wọn yóò lò, kí wọ́n má gún un sínú awọ, nítorí ó lè pa awọ ibẹ̀. Kì í ṣe ohun tí a ń fún aboyún. Bí ẹ̀gbọ́n yín bá sì ń lo oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, kí wọ́n jẹ́ kí dókítà gbọ́, nítorí pé methylene blue àti àwọn kan nínú oògùn wọ̀nyẹn kì í bára wọn mu. Ara àwọn kan lè kọ àwọn aró búlúù mìíràn tí wọ́n ń lò níbí lójijì, ìyẹn ni kí ara wú tàbí kí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ já wálẹ̀. Kò wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n tíátà gbọ́dọ̀ wà ní ìmúrasílẹ̀ fún un.

Ìyá Ìbejì fèsì pé:

Èmi kì í ṣe dókítà, ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ sọ. Gbogbo kókó abíyá ọ̀tún mi ni wọ́n kó. Kókó 17 ni wọ́n kà sínú ìwé èsì, kò sì sí àrùn nínú ẹyọ kan ṣoṣo. Inú mi dùn ní ọjọ́ náà débi pé mo ra mínírà fún gbogbo yàrá. Ó pé oṣù mẹ́jọ kí n tó ṣàkíyèsí pé òrùka mi kò yọ mọ́. Lẹ́yìn náà ni apá bẹ̀rẹ̀ sí í wú láti ọrùn ọwọ́ dé ìgúnpá. Bí mo bá ń rán bùbá báyìí, télọ̀ máa ń gé apá ọ̀tún fẹ̀ ju ti òsì lọ, ó sì ti mọ̀ ọ́n débi pé kò wọn èkejì mọ́. Inú apá mi lókè títí di òní dà bí ẹni pé aṣọ ni wọ́n fi bò ó. Bí mo bá fi ọṣẹ wẹ̀ ẹ́, ọwọ́ ni ó ń mọ ọṣẹ, apá kò mọ̀ ọ́n.

N kò bá ẹnikẹ́ni jà. Mo wà láàyè, àwọn ìbejì mi ti wọ yunifásítì. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó sọ fún mi pé ó ṣeé ṣe kí wọ́n kọ́kọ́ yọ ẹyọ kan wò.

Akọ̀wé Òṣogbo fèsì pé:

Mo kí gbogbo yín, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n ṣe alátakò díẹ̀. Mo kà á níbì kan pé nínú obìnrin 100, oníbodè yìí máa ń purọ́ fún nǹkan bí 10. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ṣé kì í ṣe pé a ń fi jẹjẹrẹ sílẹ̀ sínú ara èèyàn mẹ́wàá nítorí kí apá má baà wú? Àìsàn apá wíwú kì í pa ni.

Oníṣẹ́ Abẹ fèsì pé:

Ìbéèrè gidi ni. Ẹ kà á dáadáa, ṣùgbọ́n ẹ kò ka gbogbo rẹ̀. Nínú ìwádìí ńlá tí wọ́n pè ní NSABP B-32, tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà àti Kánádà pẹ̀lú obìnrin 5,611, irọ́ náà jẹ́ 9.8 nínú 100. Ta wá ni 100 yìí? Kì í ṣe gbogbo obìnrin. Àwọn tí àrùn ti wọ kókó abíyá wọn ní tòótọ́ nìkan ni. Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ ṣe é: ká ní obìnrin 100 tí abíyá wọn mọ́ lójú dókítà wá, kí àrùn sì ti wọ kókó àwọn 30 nínú wọn láìhàn síta. Nínú 30 yìí ni oníbodè yóò ti purọ́ fún bíi 3. Àwọn 70 yòókù, òótọ́ ni yóò sọ fún wọn. Ohun tí ó jọ mí lójú jù ni ohun tí ó tẹ̀ lé e: ní ọdún 8 lẹ́yìn náà, nínú àwọn tí oníbodè wọn mọ́, iye àwọn tí ó wà láàyè nínú ẹgbẹ́ tí wọ́n kó gbogbo kókó wọn àti ẹgbẹ́ tí wọn kò fọwọ́ kan ìyókù fẹ́rẹ̀ẹ́ bára dọ́gba, àwọn tí àrùn sì padà yọ ní kókó wọn kò tó ẹyọ kan nínú 100. Oògùn àti ìtànṣán ń bá wa lé èyí tí ó bá ṣẹ́ kù. Ní ti apá wíwú, bí a bá kó àwọn ìwádìí jọ, ó ń ṣe nǹkan bí ẹnìkan nínú 5 lára àwọn tí wọ́n kó gbogbo kókó wọn, ó sì ń ṣe nǹkan bí ẹnìkan nínú 18 lára àwọn tí wọ́n yọ oníbodè nìkan fún. Àìsàn tí kì í pa ni ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ tún ọ̀rọ̀ Ìyá Ìbejì kà.

Bí àrùn bá wà nínú oníbodè ńkọ́? Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti díjú, ibẹ̀ ni mo sì ti rí àwọn ènìyàn tí wọ́n ń ṣi ìwádìí lò. Dókítà tí ń yẹ ẹran ara wò yóò kọ́kọ́ wọn àrùn tí ó rí: bí kò bá ju ìdá 0.2 mìlímítà lọ, a ṣì ń ka kókó náà sí èyí tí ó mọ́. Láti ibẹ̀ dé mìlímítà 2, díẹ̀ ni a ń pè é. Bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó ti wọlé gidi. Ìwádìí Z0011, tí ó ní obìnrin 891, fi hàn pé bí ó bá jẹ́ kókó 1 tàbí 2 ni ó ní àrùn, kíkó ìyókù kò fi ẹ̀mí kún ẹ̀mí ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n àwọn obìnrin yẹn, kóró nìkan ni wọ́n yọ fún wọn, wọ́n sì gbèrò ìtànṣán sí gbogbo ọmú náà. Ẹni tí wọ́n gé gbogbo ọmú fún, tí kò sì ní gba ìtànṣán nítorí owó tàbí nítorí pé ẹ̀rọ bàjẹ́, kò lè fi ìwádìí yẹn sinmi. Ìwádìí mìíràn, AMAROS, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2014, fi ìtànṣán sí abíyá dípò kí wọ́n kó kókó: àrùn kò padà yọ púpọ̀ ní ẹgbẹ́ méjèèjì, apá wíwú sì jẹ́ 11 nínú 100 dípò 23 ní ọdún karùn-ún. Ìtànṣán tún ni o. Nítorí náà, kí ẹ tó fọwọ́ sí ohunkóhun, ẹ béèrè ibi tí ẹ̀gbọ́n yín yóò ti gba ìtànṣán, àti ìgbà tí ó lè yí kàn wọ́n.

Ọmọ Èkìtì béèrè pé:

Ẹ jọ̀wọ́, ti màmá mi yàtọ̀. Abẹ́rẹ́ ti fi hàn pé àrùn wà nínú kókó abíyá wọn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ kẹ́mò, ìyẹn oògùn tí ń pa jẹjẹrẹ. Ní báyìí tí wọ́n ti gbà á tán, kókó náà kò ṣeé fọwọ́ bà mọ́. Ṣé a lè béèrè fún ti oníbodè fún wọn?

Oníṣẹ́ Abẹ fèsì pé:

Ẹ lè béèrè, ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra. Kẹ́mò lè ba àwọn ọ̀nà omi náà jẹ́, aró á sì yà sí ibòmíràn. Àwọn tí ń ṣe é fún irú màmá yín máa ń lo aró àti èròjà onítànṣán pọ̀, wọ́n máa ń rí i dájú pé àwọn yọ kókó tí kò dín ní 3, inú ìlànà tí ó dára jù lọ ni wọ́n sì ti ń fi irin kékeré kan sàmì sí kókó tí ó ní àrùn kí kẹ́mò tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n lè rí òun gan-an yọ. Bí wọn kò bá sàmì sí i, tí ó sì jẹ́ aró nìkan ni ó wà, èmi yóò kó kókó abíyá màmá yín. Ó dùn mí láti sọ ọ́.

Ọmọ Ìtòkú fèsì pé:

Ẹ ṣeun gan-an. A padà lọ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Mo gbé àwọn ìbéèrè yín lọ sínú ìwé, dókítà wọn kò sì bínú rárá gẹ́gẹ́ bí mo ṣe ń bẹ̀rù. Wọ́n ní àwọn ti fi aró ṣe é lábẹ́ ọ̀gá àwọn, àwọn yóò sì bẹ ọ̀gá náà kí ó wà ní tíátà ní ọjọ́ náà. Kóró nìkan ni wọn yóò yọ, ìtànṣán yóò sì tẹ̀ lé e ní Ìbàdàn. Nígbà tí wọ́n ń ṣàlàyé aró náà fún ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀rín ni wọ́n bú sí: “Láti ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń ki aṣọ bọ aró. Ó wá yí kan èmi náà!”

Ó ku méjì. Ṣé wọ́n máa mọ èsì kí ẹ̀gbọ́n mi tó jí? Ìgbà wo sì ni wọ́n lè padà sídìí ìkòkò?

Oníṣẹ́ Abẹ fèsì pé:

Ibi tí wọ́n bá ti lè mú kókó náà dì kí wọ́n sì yẹ̀ ẹ́ wò lójú ẹsẹ̀, wọ́n lè mọ̀ kí wọ́n tó rán ojú ọgbẹ́. Ní ọ̀pọ̀ ibi nílẹ̀ wa, ẹ óò dúró fún ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, ó sì lè gba pé kí wọ́n tún padà sí tíátà. Ẹ jẹ́ kí ó wà nínú ìwé tí wọn yóò fọwọ́ sí pé kí ni kí wọ́n ṣe bí aró bá kọ̀ tí wọn kò rí oníbodè rárá, nítorí pé nínú irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀, kíkó gbogbo kókó ni ó kàn.

Nọ́ọ̀sì Tíátà fèsì pé:

Ní ti ìkòkò aró, kí wọ́n máa gbé apá sókè díẹ̀díẹ̀ láti ọjọ́ kejì, kí èjìká má baà gan, ṣùgbọ́n kí ọmọṣẹ́ máa fún aṣọ tútù títí dókítà yóò fi wo ojú ọgbẹ́ tí yóò sì yọ̀ǹda. Kí ìbọ̀wọ́ rọ́bà tí ó gùn dé ìgúnpá wà lọ́wọ́ wọn nígbà tí wọ́n bá padà, nítorí eérú tí wọ́n fi ń ṣe aró máa ń jẹ awọ, a kò sì fẹ́ kí egbò kankan wà ní apá òsì yẹn.